Ọ̀rọ̀: ìtumọ̀ àti ìlò rẹ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá-Nàgó

Bí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá kọ ìlà kan sí ojú pátákó, bí àpẹẹrẹ « Bàbá Àkàndé ra iṣu méjì ní ọjà », tí ó sì bi àwọn àgbà tí wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ léèrè pé, « Ọ̀rọ̀ mélòó ni ó wà níhìn-ín ? », kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dáhùn pé ọ̀rọ̀ kan ni. Olùkọ́ ti kà á, méje ni ó rí. Bí kò bá ṣọ́ra, yóò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ òǹkà, tàbí pé kò fetí sí ohun tí a ti kọ́ láti àná.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣì í. Èdè rẹ̀ ni ó fi dáhùn. Nínú Yorùbá tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, bí ẹnì kan bá wọlé tọ àwọn àgbà lọ tí ó ní, « Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá wá », kò sí ẹni tí yóò retí pé kí ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré kí ó sì dákẹ́. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń retí: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí ó há sí ẹnì kan lọ́wọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó má parí títí di ọ̀sán, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ni. Ìlà tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó kò sọ ju ọ̀ràn kan lọ, ọ̀ràn iṣu tí Bàbá Àkàndé rà. Kí ni ó kù tí àgbàlagbà kan ìbá dáhùn ?

Nítorí irú ìdáhùn yìí ni a ṣe fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní « ọ̀rọ̀ » wò. Ó wà lẹ́nu gbogbo wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Pobè. Olùkọ́ ń lò ó, akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó, àwọn méjèèjì sì lè máa lò ó fún nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan náà láìfura.

Ìtumọ̀ kìíní tí ó ní ni ohun tí ènìyàn fi ẹnu sọ. Òun ni a ń gbọ́ nínú « ọ̀rọ̀ ẹnu », « ọ̀rọ̀ àgbà », « ọ̀rọ̀ ìyànjú », « ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ». Ìtumọ̀ kejì ni ọ̀ràn, ìyẹn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó wà nílẹ̀ tí a ní láti yanjú: « ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń dùn mí », « ọ̀rọ̀ náà kàn mí », « ọ̀rọ̀ náà ti parí ». Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Ọ̀rọ̀ lè parí kí àwọn ènìyàn ṣì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀; wọ́n sì lè dákẹ́ pátápátá kí ọ̀rọ̀ má tíì parí. Èyí fi hàn pé ìtumọ̀ méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé pọ̀ kò ṣòro láti rí. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀ràn kì í di ọ̀ràn gan-an àfi bí a bá gbé e dé iwájú àwọn tí yóò sọ sí i. Ẹni tí ó bá pa á mọ́ra, ohun tí à ń wí nípa rẹ̀ ni pé « ó ní ọ̀rọ̀ nínú ». Inú ni ọ̀rọ̀ wà kí ẹnu tó gbé e jáde.

Ìtumọ̀ kẹta ni ti ilé-ìwé: ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí a ń kọ, tí àyè sì ń bẹ ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kò ti ẹnu wá. Láti ojú ìwé ni ó ti wá, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í dá ẹnu dúró láàrin « ra » àti « iṣu ». Nígbà tí a fi Yorùbá sínú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ kìíní jáde ní ọdún 1843, ìgbà náà ni ó di dandan kí a ní orúkọ fún ohun tí ó wà láàrin àyè méjì. « Ọ̀rọ̀ » ni ó wà nítòsí, òun ni a sì mú. Ó yẹ kí a rántí pé àwọn tí wọ́n túmọ̀ Ìhìnrere Jòhánù kò lò ó ní ọ̀nà kékeré yìí. « Ọ̀rọ̀ » ni wọ́n fi dípò « logos » ti èdè Gíríìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí Bíbélì Faransé ti lo « Parole » tàbí « Verbe ». Kò sí èyí tí ó lo « mot » níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó nínú èdè wa, ẹ̀rí kan nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ mọ ìwà ọ̀rọ̀ orúkọ kan dáadáa, ẹ jẹ́ kí a wo irú ọ̀rọ̀ ìṣe tí ń bá a rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó jẹ mọ́ ẹnu pọ̀ ní èdè wa, wọn kò sì jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. « Sọ » ni ó bá « ọ̀rọ̀ » mu jù lọ. « Wí » fẹ́ràn ohun tí a sọ ní pàtó: « mo ti wí i tẹ́lẹ̀ », « ó wí pé òun kò lọ ». Bí a bá fi « bá » sí iwájú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà: ẹni tí a bá wí ni a tọ́ sọ́nà tàbí tí a nà ní pàṣán ẹnu. « Ní » kò ṣe ju kí ó gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wá sí etí wa: « ó ní òun ń bọ̀ ». « Fọ̀ » ni ó dàgbà jù nínú wọn lójú tèmi, ó sì dà bí àgbàlagbà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. A kì í fọ ọ̀rọ̀. Èdè ni à ń fọ̀, ohùn ni à ń fọ̀, èsì ni à ń fọ̀. Nínú « fọhùn » àti « fèsì » ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lónìí, láìmọ̀ pé òun ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jí i dìde: « ìró ìfọ̀ » ni wọ́n ń pe àwọn ìró tí à ń fi ẹnu pè, « àfọ̀ » sì ni wọ́n ń pe ohun tí ẹnì kan sọ ní ìgbà kan ní ibì kan. Mo gbà pé ọgbọ́n ni èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sùn kò ní ìtumọ̀ ojoojúmọ́ tí yóò máa bá iṣẹ́ tuntun tí a yàn fún un jà.

« Ohùn » àti « ọ̀rọ̀ » náà kì í ṣe ọ̀kan. Ohùn ni ó ti ọ̀fun jáde, ọ̀rọ̀ ni ó gùn ún. Ẹyẹ ní ohùn, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀, àfi ayékòótọ́ tí ó ń sín wa jẹ. Ènìyàn lè pàdánù ohùn rẹ̀ nítorí òtútù, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì pé. Bí àwọn ènìyàn bá gbà fún ara wọn, a ní wọ́n « fohùn ṣọ̀kan ». A kì í sọ pé wọ́n fọ̀rọ̀ ṣọ̀kan, bóyá nítorí pé ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà ń sọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ kí ohùn wọn ṣì jẹ́ ọ̀kan. Láti ara « ohùn » náà ni a ti rí « dáhùn », àti « àmì ohùn » tí à ń fi sí orí fáwẹ́lì. « Gbólóhùn » náà fi ohùn sínú, òun gan-an sì ni orúkọ tí ẹnu ìbílẹ̀ ti ní fún ìwọ̀n kan nínú ohun tí a sọ. Ẹni tí ó ní « gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ » mọ ohun tí òun ń wí, àwọn tí ń gbọ́ sì mọ̀ ọ́n, yálà wọ́n mọ̀wé tàbí wọn kò mọ̀wé.

Àwọn tí a jọ ń gbé ní Àjàṣẹ́ àti ní agbègbè rẹ̀, àwọn Gùn àti àwọn Fọ̀n, ṣe ìpín tí ó sún mọ́ tiwa gidigidi. « Gbè » ni wọ́n ń pe ohùn, òun kan náà ni wọ́n sì ń pe èdè. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ Fɔngbè àti Gungbè. « Xó » ni tiwọn fún ọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀ràn pọ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Bí àwa ti ń sọ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń « ɖɔ xó », ọ̀rọ̀ ìṣe kan àti ọ̀rọ̀ orúkọ kan tí wọ́n jọ ń rìn. Olùkọ́ tí ó bá ní Nàgó àti Gùn nínú ẹgbẹ́ kan náà lè lo ìjọra yìí. Hounkpati Capo, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ni ó dábàá pé kí a máa pe gbogbo ìdílé èdè wọn ní « Gbe », àbá tí àpérò àwọn onímọ̀ èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà ní Kùtọnu ní ọdún 1980. Ohun tí ó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà: nínú ìwé àwọn onímọ̀, a ń rí Ede Cabe, Ede Ica, Ede Idaca, Ede Ije, nítorí pé « èdè » ni àwọn tí ó ni ín fi ń ṣáájú orúkọ rẹ̀. Àwa Yorùbá tilẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. « Orílẹ̀-èdè » ni à ń pe ilẹ̀ tí ó ní ìjọba tirẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn kò lè mọ ààlà orílẹ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Àwa tí ààlà ọdún 1889 láàrin Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ṣé ọ̀rọ̀ lè wà láìsí ohùn ? Ó lè wà. Àrokò ni ẹ̀rí rẹ̀. Kí ìwé tó dé, bí ẹnì kan bá wà ní ọ̀nà jíjìn sí ẹnì kejì rẹ̀, ó lè so owó ẹyọ mọ́ okùn kí ó fi rán ìránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí « fà » tí ó wà nínú « mẹ́fà ». Mẹ́jọ ń sọ pé a jọ wà ní ọ̀kan, nítorí « jọ » tí ó wà nínú « mẹ́jọ ». Ìránṣẹ́ náà lè má mọ ohun tí òun gbé lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á yóò tú u, yóò kà á, yóò pe orúkọ òǹkà náà lẹ́nu, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa mú àrokò wọ inú ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń tijú pé òun kò mọ ìwé ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ lè gba ara nǹkan tí a fi ojú rí dé ọwọ́ ẹni tí kò sí nítòsí. Kò ku ju kí a fi lẹ́tà dípò owó ẹyọ. Ìlù náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbà; ìyẹn yóò wúlò nígbà tí a bá dé orí àmì ohùn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí ó ní àkókò tirẹ̀. Ní Kétu, níbi tí ìtàn ti sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ sí olówó tàbí sí olóyè ní ojú ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ yóò sọ ọ́ ní gbangba pẹ̀lú orin, kò sì sí ẹni tí yóò mú un fún un. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ ńláńlá ìran ènìyàn ní ọdún 2001, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí ó kan àwa níhìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ẹ̀bi lẹ́nu ẹnì kan kí ó jẹ́ iṣẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ẹni tí ó sọ ọ́, ìgbà tí ó sọ ọ́, àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ohùn ni ó kó jọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìwé kíkọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti fi àṣẹ gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, « ɔ̀rɔ̀ » ni à ń kọ. Ní Nàìjíríà, « ọ̀rọ̀ » ni. Àwa ń kọ « kp » àti « sh » níbi tí àwọn ti ń kọ « p » àti « ṣ ». Àríyànjiyàn tí ó wà lórí èyí tí ó dára jù ti pẹ́, n kò sì fẹ́ gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí fi àǹfààní kan hàn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọ̀rọ̀, ọrọ̀ tí í ṣe ohun ìní, Orò tí í ṣe awo, àti oró tí ó wà nínú ìrù àkekèé. Bí a bá tẹ̀ wọ́n láìsí àmì lókè àti láìsí àmì nísàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dà lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ìwé ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé « oro » yóò wà ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ní ìlú tí Orò ti ń jáde, obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé tí ó ka ìkéde náà ní « Orò » yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, kò sì ní wá sí ìpàdé tí a pè é sí láti wá sọ̀rọ̀. Kò jẹ̀bi. Lẹ́tà « ɔ » gbà wá lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí, nítorí pé lẹ́tà gidi ni, kì í ṣe àmì tí ẹni tí ń tẹ̀wé lè gbàgbé.

Síbẹ̀ kò gbà wá lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ « ɔrɔ ɔba kpɔ » láìfi àmì ohùn sí i ti kọ ohun méjì pọ̀: ó lè jẹ́ pé ọba ń sọ̀rọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé ọba lówó lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn ń dẹ́rù ba àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá ń kàwé dáadáa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń dẹ́rù ba ni ni kí ènìyàn ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó má mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ ìlù láti kékeré kò ṣàjèjì sí ohùn mẹ́ta.

Ó ku bí a ó ti ka ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àbá mi ni pé ní oṣù àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fi « ọ̀rọ̀ » sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe nílé, kí ó sì máa pe èyí tí ó wà láàrin àyè méjì ní « ẹyọ ọ̀rọ̀ ». Gbogbo àgbà mọ ẹyọ: ẹyọ obì, ẹyọ ata, ẹyọ owó. Bí olùkọ́ bá bèèrè pé, « Ẹyọ mélòó ni ó wà nínú gbólóhùn yìí ? », kò sí ẹni tí yóò wí pé iṣu tí Bàbá Àkàndé rà ni. Àwọn kan yóò sọ pé « ọ̀rọ̀ orúkọ », « ọ̀rọ̀ ìṣe » àti « ọ̀rọ̀ atọ́kùn » ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwé gírámà, àti nínú àwọn ìwé èdè-ìperí tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1984 àti 1990. Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró níbẹ̀ de akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ́ gírámà. Kò sí ìjà láàrin wọn àti ẹyọ.

Àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìjọba láti inú èdè Faransé náà ní láti kíyè sára. Ní èdè Faransé, ènìyàn ń mú ọ̀rọ̀, alága sì ń fún un ní ọ̀rọ̀. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, àwọn ará abúlé yóò bèèrè ohun tí ẹni náà mú àti ibi tí ó gbé e lọ. Ní tiwa, a ń fún ni láàyè láti sọ̀rọ̀, a sì ń dá sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù ni ó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ìbéèrè kan ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń bèèrè lórí èyí: « sọ̀rọ̀ », ẹyọ kan ni tàbí méjì ? Bí ó ti ń jáde lẹ́nu, ọ̀kan ni, nítorí pé fáwẹ́lì « sọ » ti pa rẹ́ mọ́ ti « ọ̀rọ̀ ». Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò tíì gbàgbé pé ẹni méjì ni àwọn. A lè tú wọn ká: « Ọ̀rọ̀ wo ni ó sọ ? », « Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí. » Ẹ fi « dáhùn » wé e. Kò sí ẹni tí í bèèrè pé « Ohùn wo ni ó dá ? », ohun tí a ń bèèrè ni « Kí ni ó fi dáhùn? ». Nítorí náà, « dáhùn » ti di ẹyọ kan títí láé. « Sọ̀rọ̀ » ní tirẹ̀, kí a kọ ọ́ pọ̀ nígbà tí ó bá dá dúró, bí i « ó ń sọ̀rọ̀ ». Kí a sì kọ ọ́ ní méjì nígbà tí ohun kan bá tẹ̀ lé e tí ó ń yán ọ̀rọ̀ náà, bí i « ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ wa ». Ìlànà kan náà ni kí a tẹ̀ lé fún « gbọ́rọ̀ » àti « gbọ́ ọ̀rọ̀ ». Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ « sọ ọ̀rọ̀ » níbi tí ìwé rẹ̀ ti kọ « sọ̀rọ̀ », kí olùkọ́ má fa igi pupa lé e; ó ti gbọ́ ẹyọ méjì níbi tí etí ẹlòmíràn ti gbọ́ ọ̀kan, ohun tí a sì ń wá láti ọjọ́ kìíní nìyẹn.